Ọmọ Kan, Káàdì Méjì: Abẹ́rẹ́ Àjẹsára fún Ọmọ Ẹ̀gbá tí Wọ́n ń Tọ́ ní Òkè Òkun

Ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, nítorí àrùn tí ń dààmú ilẹ̀ kan lè má sí ní ilẹ̀ kejì mọ́. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàrà tàbí Ìtòkò ní Abẹ́òkúta yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ ikọ́ ife láìpẹ́ lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Èyí tí wọ́n bí sí Houston lè dàgbà, kí ó lọ́kọ tàbí kí ó gbéyàwó, láì gbà á rí. Ti Houston, ní tirẹ̀, ń gba abẹ́rẹ́ ṣegede ní nǹkan bí ọmọ ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni ètò ìjọba Nàìjíríà fi wà láìní abẹ́rẹ́ ṣegede nínú. Òbí tí ó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, tí ó ń tọ́mọ ní London, Dublin tàbí Toronto, wà láàárín ètò méjì. Ohun tí ó ní láti pinnu ju pé kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ tàbí kí ó má gbà á lọ. Ilé méjì ni ọmọ náà ní: ibi tí yóò ti kàwé, àti Aké tàbí Òwu tí wọn yóò gbé e wá kí ìyá àgbà. Àrùn ibì kan kò dúró de ti ibì kejì.

Ọ̀rọ̀ náà, àjẹsára, ti wà lẹ́nu Yorùbá kí abẹ́rẹ́ tó dé. Oògùn tí ènìyàn jẹ sí ara de ewu tí kò tíì dé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kò sì ṣòro láti fi orúkọ kan náà pe èyí tí nọ́ọ̀sì ń gún. Ọgbọ́n inú rẹ̀ pàápàá kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Boston ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sọ ní Onesimus, ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀, oníwàásù Cotton Mather, pé ní ilẹ̀ tí òun ti wá, wọ́n máa ń la ara ẹni tí ara rẹ̀ le, wọn a sì fi díẹ̀ nínú omi egbò ṣọ̀pọ̀ná sí ojú ibẹ̀, bí ẹni sín gbẹ́rẹ́, kí àrùn náà má bàa lè pa á mọ́. Nígbà tí ṣọ̀pọ̀ná jà ní Boston ní 1721, dókítà Zabdiel Boylston dán ọ̀nà náà wò lára àwọn ènìyàn. Ọdún 75 kọjá lẹ́yìn ìyẹn kí Edward Jenner tó ṣe tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1796. Ṣọ̀pọ̀ná tí àwọn àgbà Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ, tí wọ́n ń pè ní Olóde tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná, kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1970. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán ní gbogbo ayé. Abẹ́rẹ́ ni ó lé e lọ.

Ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn Sacred Heart tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní Lántòró ní 1895 ni ọ̀pọ̀ ń kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ abẹ́rẹ́ ọmọdé jù lọ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Olóyè Funmilayo Ransome-Kuti. Dublin ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó sì ṣiṣẹ́ dókítà ọmọdé ní London kí ó tó padà wálé, nítorí náà ó mọ ìhà méjèèjì òkun. Òun ni mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Ní àsìkò rẹ̀, ètò abẹ́rẹ́ tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ní 1979 ràn dé ìgbèríko, nítorí ó gbé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ náà wó lulẹ̀ kíákíá. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ènìyàn ní 2003, ọdún tí Olikoye fúnra rẹ̀ kú ní London, fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí ó wà láàárín oṣù 12 sí 23 ní Nàìjíríà, 13 péré ni ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé. Ní 2018, ó gòkè dé 31.

Iye yìí kan òbí òkè òkun ju bí ó ti rò lọ. Ẹni tí wọ́n bí ní Nàìjíríà láàárín 1992 sí 2003 ni ìyá ìkókó òní ní Manchester. Ó lè jẹ́ pé òun gan-an kò gba abẹ́rẹ́ èéyi, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní measles, pé, káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ti sọnù ní ìgbà tí wọ́n kó kúrò ní ilé kan sí òmíràn. Ìkókó kò tíì lè gba abẹ́rẹ́ èéyi ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀. Bí ìyá bá kó àrùn náà, ó lè ràn án. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí òbí béèrè fún abẹ́rẹ́ tirẹ̀ náà. Obìnrin tí ó ti lóyún kò lè gba ti èéyi àti ti àrùn rubella. Kí oyún tó dúró ni ó yẹ kí ó gbà á.

Bí a bá gbé ètò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n jọra ju bí wọ́n ṣe yàtọ̀ lọ. Ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ BCG fún ikọ́ ife, ẹ̀kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní ẹnu, àti abẹ́rẹ́ hepatitis B, àrùn tí í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Penta, nítorí àrùn márùn-ún ni ó ń dènà: dífítéríà tí ń dí ọ̀nà ọ̀fun, tẹ́tánọ́ọ̀sì, ikọ́ líle tí í sé ọmọ léèémí, hepatitis B, àti kòkòrò Hib tí ń fa àrùn lọ́rùnlọ́rùn (meningitis). Abẹ́rẹ́ òtútù àyà ń bá a rìn, àti ẹ̀kán rotavirus fún ìgbẹ́ gbuuru láti 2022. Ní oṣù 9, abẹ́rẹ́ èéyi àti ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ní oṣù 15, èéyi lẹ́ẹ̀kejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 12 àti 16. Abẹ́rẹ́ wọn kan ń dènà àrùn mẹ́fà. Márùn-ún nínú mẹ́fà náà ni ó wà nínú Penta ti Abẹ́òkúta. Ìkẹfà ni rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń fúnni lọ́tọ̀ nílé. Ìyá tí ẹ̀rù ń bà pé wọ́n ń kó ohun tí òun kò mọ̀ sí ọmọ òun lára ní London, ohun tí ìyá tirẹ̀ gbé òun lọ gbà nílé ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà ní ibi tí àrùn ti yàtọ̀. London ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ fún oríṣi àrùn lọ́rùnlọ́rùn tí wọ́n ń pè ní B, nítorí òun ni ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Èyí tí ń jà ní Nàìjíríà wọ́pọ̀ ní òkè ọya, kì í sì í ṣe oríṣi B. Ní ìdàkejì, ikọ́ ife àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni ètò London kò fún gbogbo ọmọ ní abẹ́rẹ́ wọn, méjèèjì sì wà nínú ètò Nàìjíríà.

Ti ikọ́ ife yẹ ní mímọ̀ dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ọmọ wọn ni. Ní 2005 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáwọ́ BCG dúró fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Láti ìgbà náà, ìkókó tí ewu wà fún nìkan ni wọ́n ń fún. Lára wọn ni ọmọ tí ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, tàbí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí orílẹ̀-èdè tí àrùn náà ń mú ó kéré tán ènìyàn 40 nínú 100,000 lọ́dún. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọmọ tí wọ́n bí sí Peckham, tí bàbá rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ọmọ bíbí Peckham, ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí i tí bàbá bàbá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ń fún un, kì í ṣe ní ọjọ́ ìbí mọ́, nítorí náà ó rọrùn kí ó bọ́ sọnù. Bí ìwé ìpè kò bá dé, kí òbí lọ béèrè.

Ní Amẹ́ríkà, wọn kì í fún àwọn ọmọ ní BCG lásán. Ọmọ tí ó ti gbà á ní Abẹ́òkúta, tí àpá rẹ̀ wà ní apá, lè kó òbí rẹ̀ sí ìdààmú níbẹ̀: àyẹ̀wò ikọ́ ife tí wọ́n ń ṣe sí awọ ara lè wú nítorí abẹ́rẹ́ náà, kí wọ́n rò pé àrùn ti wọ̀ ọ́ lára. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ní irú àṣìṣe yìí. Òbí tí ó mọ̀ yóò fi àpá náà han dókítà, yóò sì ní kí wọ́n ṣe ti ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ tí ó kó láti Abẹ́òkúta lọ sí òkè òkun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jú pọ̀ jù, káàdì ni ó sì wà ní ìdí rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé tàbí ẹ̀rí ẹnu tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, òfin iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí wọ́n ka ọmọ náà sí ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ kankan rí, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìpalára nínú kí ọmọ tún abẹ́rẹ́ gbà, àmọ́ ó ń mú omijé àti àárẹ̀ tí káàdì kan ì bá gbà lọ́wọ́ ọmọ wá. Kí ọjọ́ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn ketekete lórí rẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí fóònù, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan nílé.

Pẹ̀lú káàdì náà, abẹ́rẹ́ kan lè wà níbẹ̀ kí wọ́n má kà á. Èéyi tí ọmọ gbà ní oṣù 9 ní Nàìjíríà kò wọ ìṣirò ní London tàbí ní Amẹ́ríkà, nítorí ó ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ara ìkókó ṣì ní ohun ààbò tí ó gbà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, èyí lè dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Nàìjíríà ń fún un ní oṣù 9 bẹ́ẹ̀ náà nítorí pé èéyi kì í dúró di ọdún kan kí ó tó dé. Ìlú méjèèjì ni ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ọmọ náà yóò sì gba MMR lẹ́ẹ̀mejì ní òkè òkun, èyí tí ó kó èéyi, ṣegede àti rubella pọ̀.

Ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tún ní tirẹ̀. Ẹ̀kán ẹnu tí Nàìjíríà ń lò tẹ́lẹ̀ ní oríṣi kòkòrò mẹ́ta nínú. Ní oṣù Kẹrin 2016, gbogbo ayé yọ oríṣi kejì kúrò. Nítorí èyí, Amẹ́ríkà kì í ka ẹ̀kán ẹnu tí ọmọ gbà láti ìgbà náà. Abẹ́rẹ́ ìtan ni wọ́n ń béèrè. Òbí tí wọ́n bá sọ èyí fún kò yẹ kí ó rò pé wọ́n pe káàdì òun ní ayédèrú. Ìdí pàtàkì wà tí wọ́n fi ń ṣọ́ oríṣi kejì yìí: ní 2022, wọ́n rí i nínú omi ẹ̀gbin London, ní ìlú tí Yorùbá pọ̀ sí, wọ́n sì pe gbogbo ọmọ ọdún 1 sí 9 níbẹ̀ fún àfikún abẹ́rẹ́. Ní ọdún kan náà, ó sọ ẹnìkan di arọ ní ìpínlẹ̀ New York. Áfíríkà ti gba ìwé ẹ̀rí ní oṣù Kẹjọ 2020 pé oríṣi tí ó wà nínú ayé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti tán lọ́dọ̀ rẹ̀. Oríṣi tí ó yí padà láti inú ẹ̀kán ẹnu ni ó ṣì ń rìn kiri, ibi tí abẹ́rẹ́ kò bá sì pé ni ó ń rí àyè.

Òfin pẹ̀lú kò dọ́gba. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan mú òbí, ilé ìwé kò sì lè lé ọmọ nítorí abẹ́rẹ́. Ní 2018, ilẹ̀ Faransé fi abẹ́rẹ́ 11 ṣe dandan fún ọmọ tí wọ́n bí láti ọdún náà, Ítálì fi 10 ṣe é ní 2017, Jámánì sì fi ti èéyi ṣe é láti 2020. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣòfin tirẹ̀ fún ọmọ tí yóò wọ ilé ìwé. Lẹ́yìn tí èéyi jà ní New York, ìpínlẹ̀ náà fagi lé àyè àwáwí ẹ̀sìn ní 2019.

Níbi tí òfin kò ti fipá múni, ìbẹ̀rù ni ó ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Èyí tí ó gbilẹ̀ jù ni pé MMR ń fa autism, ìyẹn ipò tí ó lè mú kí ọmọ má tètè sọ̀rọ̀, kí ó sì ṣòro fún un láti bá ènìyàn ṣe. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1998 láti inú ìwé kan tí Andrew Wakefield kọ nípa ọmọ 12 péré. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé e ní 2010, wọ́n sì yọ orúkọ Wakefield kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní ọdún náà. Ní 2019, àwọn ará Denmark tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ tí ó ju 650,000 lọ. Autism kò pọ̀ lára àwọn tí ó gba MMR ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń gba MMR ni àmì autism sábà máa ń hàn, ìdí nìyí tí òbí fi ń so méjèèjì pọ̀, ìrora wọn kì í sì í ṣe irọ́. Àmọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Somalia ní Minnesota yẹ ní ríronú sí fún gbogbo ọmọ Áfíríkà tí ń gbé òkè òkun. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, Wakefield fúnra rẹ̀ wá bá wọn sọ̀rọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì dáwọ́ MMR dúró. Ní 2017, èéyi mú ènìyàn tí ó ju 60 lọ níbẹ̀, ọmọ Somalia ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn 2,911 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé èéyi mú ní 2024.

Ìbéèrè tí ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ náà wà, ó sì ní ìdáhùn. Mùsùlùmí pọ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n sì lè béèrè bóyá ohun ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú abẹ́rẹ́. Oríṣi MMR kan tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gelatin ẹlẹ́dẹ̀ nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn flu tí wọ́n ń fín sí ihò imú ọmọ. Oríṣi MMR kejì, tí wọ́n ń pè ní Priorix, kò ní i, abẹ́rẹ́ ìgúnlápá sì wà dípò èyí tí wọ́n ń fín simú. Kí òbí sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, wọn yóò bá a wá a.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, ìyẹn tí ó ní àrùn sickle cell, kò ní àyè láti fi abẹ́rẹ́ falẹ̀. Àrùn náà ń ba ọlọ inú jẹ́ láti ìgbà èwe, ọlọ inú sì ni ó ń gbá àwọn kòkòrò òtútù àyà àti lọ́rùnlọ́rùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìkókó wò fún un láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ yìí ní àfikún abẹ́rẹ́ òtútù àyà, lọ́rùnlọ́rùn, àti flu lọ́dọọdún.

Ìrìn àjò wálé ni ó ń mú kí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ di ọ̀ràn tí kò ṣeé sún síwájú. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí a kò gbúròó rẹ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà, títí di oṣù Kẹsàn-án 2017 tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ọmọbìnrin ọlọ́dún 7 kan ní Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara. Ó ti ń jà láti ìgbà náà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohun tí ilẹ̀ wa ti kópa nínú rẹ̀. Ní 1925, àjọ Rockefeller dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Yaba, Èkó. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní Gold Coast, Asibi ni orúkọ rẹ̀, tí àrùn náà mú, tí ó sì yè é. Adrian Stokes tí ó ń ṣe ìwádìí náà kó o, ó sì kú sí Èkó ní ọdún náà gan-an. Kòkòrò tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler tọ́ ní New York títí tí kò fi lè pa ènìyàn mọ́, tí ó fi di abẹ́rẹ́ ní 1937. Ní 1951, ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀. Gbogbo abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí ayé ń lò lónìí, láti inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn ni ó ti wá.

Ọmọ oṣù 9 lè gbà á; èyí tí kò tíì pé oṣù 6 kò gbọdọ̀ gbà á rárá. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí ọmọ tó wọ Nàìjíríà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì tó fún gbogbo ọjọ́ ayé, gẹ́gẹ́ bí òfin àgbáyé láti 2016. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní pápákọ̀ òfuurufú lè béèrè káàdì rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ní London, ibi tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n sì ti ń gún un. Ibi tí àwọn ẹbí sábà máa ń kọsẹ̀ ni pé ó yẹ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wà láàárín òun àti MMR, nítorí ọ̀kan lè dín agbára èkejì kù. Bí ọmọ bá pé ọdún kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, tí ẹbí fẹ́ ṣe Kérésì ní Abẹ́òkúta, kí ó gba MMR ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ó gba ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní oṣù Kọkànlá, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lẹ́yìn ọjọ́ 10. Ẹni tí ó bá dúró di oṣù Kejìlá ti pẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tí ó ti pé oṣù 6, lè gba MMR ṣáájú ìrìn àjò, ṣùgbọ́n yóò tún gba méjì ìyókù nígbà tí ó bá pé ọdún. Ti ibà malaria, kò sí abẹ́rẹ́ kan nínú ètò London fún un. Èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2024, Kebbi àti Bayelsa ni ó kọ́kọ́ dé. Ọmọ àlejò nílò àwọ̀n àti oògùn ìdènà tí dókítà kọ fún un, nítorí ara rẹ̀ kò tíì bá ibà pàdé rí.

Abẹ́rẹ́ tí ọmọ ń gbà nígbà tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ ni HPV, tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2023, Ogun sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, lọ́fẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún ọmọ ọdún 12 sí 13, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ó sì di ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wọn náà láti oṣù Kẹsàn-án 2023. Ọmọbìnrin tí wọ́n rán láti London wá kàwé ní Abẹ́òkúta ní ọmọ ọdún 11 lè gbà á ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò. Èyí tí ó kó lọ sí London ní ọmọ ọdún 14 láì gbà á nílé yóò bá a pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbà á ní ilé ìwé kí ó tó dé. Dókítà àdúgbò ṣì lè fún un, títí di ìgbà tí yóò fi pé ọmọ ọdún 25.